Róòlù tó rọ̀ fún bàbá mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun o. Kí n tó sọ bí mo ṣe ń ṣe róòlù, búrẹ́dì kéékèèké roboto yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló fà á tí mi ò fi jáwọ́ nígbà tó ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Bàbá mi ni. Ìyàrá ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Kabba, ọ̀nà ò jìn, mo sì máa ń lọ kí wọn ní Sátidé. Ìgbà tí ọjọ́ orí wọn kọjá ọgọ́rin ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíì pẹ̀lú búrẹ́dì ni oúnjẹ àárọ̀ wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí à ń rà, tó bá ti di ọjọ́ kejì èèpo rẹ̀ á ti le, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú tíì títí inú rẹ̀ á fi di omi, èèpo á ṣì máa gún wọn ní èrìgì. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó èèpo búrẹ́dì sílẹ̀ fún adìyẹ, àárín díẹ̀ ló kù tí àwọn fúnra wọn ń jẹ, wọn ò sọ nǹkan kan o, àmọ́ mo rí i, ó sì dùn mí gan-an. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ní èmi gan-an á máa ṣe é fún wọn.

Róòlù ni mo yàn, kì í ṣe búrẹ́dì gígùn, torí téèyàn bá tò wọ́n mọ́ra nínú pánù, wọ́n á wú kanra wọn, ẹ̀gbẹ́ wọn ò ní rí iná, òkè nìkan ló máa pọ́n. Tẹ́ ẹ bá ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa fà bí òwú. Ohun tí bàbá mi nílò gan-an nìyẹn. Mi ò ní míkísà, ọwọ́ lásán ni, mo sì rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni máa fi mọ̀ ọ́n. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́jọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ò wú rárá. Wọ́n ní omi gbígbóná ni wọ́n fi ń jí yíìsì, mo bá gbé omi kaná, kò hó o, àmọ́ mi ò lè ti ìka bọ̀ ọ́, mo wá dà á lé yíìsì lórí. Mo dúró wákàtí kan, mo dúró méjì, ó wà bó ṣe wà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì, òun náà ni Bíbélì ń pè ní ìwúkàrà, ó ń jẹ ṣúgà tó wà nínú fúláwà, ó sì ń mí afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé fúláwà sókè. Tí omi bá ti gbóná tó 60°C, ó ti kú nìyẹn, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó máa jí. Ní báyìí mo máa ń kán mílíìkì tàbí omi yẹn sí ọrùn ọwọ́ mi bíi pé mo fẹ́ fún ọmọ ìkókó lóúnjẹ, tí mi ò bá ti mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, ó ti tó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún yíìsì tí wọ́n ń bù tà sínú ọ̀rá lọ́jà. Kò sí ẹ̀bi ẹni tó ń tà á níbẹ̀, àmọ́ téèyàn bá ti ṣí i sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á máa dínkù lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n dì pa ni mo máa ń rà, èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ ìgò tó ní ìdérí tó ń dé pinpin, á wọ fíríìjì. Tí ọkàn mi ò bá balẹ̀ lórí rẹ̀, máa bu díẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ṣúgà, tí kò bá hó rururu láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò ní fi fúláwà mi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó pẹ́ lọ́wọ́ mi jù, fúláwà ni. Wọ́n ní ife mẹ́rin, máa bu ife mẹ́rin, máa bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó, á máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè, ọkàn mi ò ní balẹ̀, máa bu fúláwà díẹ̀ sí i, ó tún ń lẹ̀, máa tún bù sí i, títí á fi dán tí kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́, inú mi á wá dùn pé ó ti dáa báyìí. Tó bá jáde nínú iná, ó wúwo, ó gbẹ, téèyàn bá jẹ ẹ́ á máa wá omi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, gbogbo ìgbà ni mò ń rò pé ófùn ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ló là mí lójú. Wọ́n wá sí Kabba, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n ń já ẹ̀fọ́, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń bu fúláwà sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Iyán tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, ṣé èlùbọ́ lo máa ń dà sí i?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Kí lo máa ń ṣe?" Mo ní mo máa ń ta omi sí i, máa sì máa gún un lọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n padà sídìí ẹ̀fọ́ wọn.

Ẹ ò rí i pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Láti Ìyàgbà dé Owé, dé Ìjùmú, dé Bùnú, ní gbogbo ilẹ̀ Òkun wa, kò sí ọmọbìnrin tí wọn ò kọ́ ní iyán gígún, tí ìlù odó bá dún ẹni tó wà níta á mọ̀ bóyá iyán yẹn máa ní kókó. Àmọ́ torí pé fúláwà ni, mo rò pé ọgbọ́n ibòmíì ló máa gbà. Láti ọjọ́ yẹn mi ò bu fúláwà sí i mọ́. Ọwọ́ mi ni mò ń fi omi rẹ̀, tàbí kí n fi òróró díẹ̀ pa á.

Mo wá mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Fúláwà kì í mu omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fẹ́ àsìkò. Tẹ́ ẹ bá ti pò ó pọ̀ tí kò sí èyí tó gbẹ mọ́, ẹ bò ó, ẹ kúrò níbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, ẹ lọ fọ abọ́, tẹ́ ẹ bá padà dé ẹ máa rí i pé ohun tó ń lẹ̀ yẹn ti gbára jọ fúnra rẹ̀. Àwọn pùròtéènì kan wà nínú wíìtì, àlìkámà tí wọ́n lọ̀ di fúláwà, tó jẹ́ pé tí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á so kọ́ra, gluten ni wọ́n ń pe èyí tó bá so yẹn, òun ló dà bí òwú tí ahunṣọ ta sórí òfì, òun ló ń ká afẹ́fẹ́ yíìsì mọ́ inú kó má jò dànù. Ìsinmi yẹn ń bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìsinmi ni mo tó ń fi iyọ̀ àti bọ́tà sí i. Bọ́tà gbọ́dọ̀ kẹ́yìn ni o, torí ọ̀rá máa ń bo pùròtéènì yẹn lára, kò ní jẹ́ kó tètè so kọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́tà sí i tán, ó máa dà bíi pé gbogbo rẹ̀ tún ti tú ká, á máa yọ̀, á máa fà, ẹ fara dà á, ẹ máa pò ó lọ, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí á tún fi gbà. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń tì í síwájú, máa ká a padà, máa yí i, máa tún tì í. Tó bá rọ̀ jù fún ìyẹn, máa gbé e sókè, máa là á mọ́ tábìlì, máa ká a lé ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni, apá á dun èèyàn díẹ̀. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó ni pé máa gé kékeré níbẹ̀, máa na án láàárín ìka mi díẹ̀díẹ̀, máa gbé e sójú wíńdò, tí mo bá ń rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sì ya, ó ti parí. Tó bá ya, mò ń padà sídìí ẹ̀ nìyẹn.

Ìwọ̀n tí mò ń lò nìyí: fúláwà gíráàmù 500, yíìsì gíráàmù 7, ṣúgà 60, iyọ̀ 9, ẹyin kan, bọ́tà 60, mílíìkì mìlílítà 170, mílíìkì ẹlẹ́bú tí mo fi omi pò náà ni mo sábà máa ń lò. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré torí ife ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, téèyàn bá ki fúláwà mọ́ inú ife ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gíráàmù 30 ju èyí tó rọra bù lọ, lórí ife mẹ́rin ẹ wo iye tó máa jẹ́, ibẹ̀ gan-an ni gbígbẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti àwọn ará Japan àti Taiwan, òun ló yí róòlù mi padà jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá mi. Nínú fúláwà 500 yẹn, máa yọ 25, máa fi omi mìlílítà 125 pò ó nínú ìkòkò kékeré, máa gbé e ka iná jẹ́jẹ́, máa máa rò ó bí ẹni ń se ẹ̀kọ mímu. Ní bíi 65°C ó máa kì lójijì, ṣíbí á máa fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa torí yíìsì, kẹ́ ẹ tó dà á mọ́ ìyókù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sítáàṣì inú fúláwà tó ti jinná máa ń mu omi ju èyí tó wà ní tútù lọ fíìfíì, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀, nítorí náà róòlù á gbé omi púpọ̀ wọ inú iná, á sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, síbẹ̀ ọwọ́ yín ò ní lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pò ó. Ẹni tó bá ti se ògì rí mọ èyí.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá bromate, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ fúláwà, díẹ̀ fi sí i, pé òun ló ń jẹ́ kí ti àwọn oníbúrẹ́dì fẹ̀. NAFDAC ti fòfin de bromate nínú búrẹ́dì torí ewu tó lè ṣe fún ara, mi ò sì rí ìdí tí màá fi fi í sínú oúnjẹ bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin náà ẹ má fi sí tiyín. Àsìkò tó pé ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Lórí àsìkò, ẹ má wo aago. Mo wo aago títí. Wọ́n ní wákàtí kan, mo ń ka wákàtí kan, láì mọ̀ pé wákàtí kan ní oṣù March ní Kabba níbí, tí ooru mú bí iná, kì í ṣe wákàtí kan ní àsìkò ọyẹ́. Nínú ooru, tèmi máa ń wú ìlọ́po méjì láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kan mo fi í sílẹ̀ mo lọ sọ́jà, mo ń bọ̀ ó ti wú kúrò nínú abọ́, ó ń rùn bí ọtí kíkan, bí mo ṣe fi sínú iná ló wálẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, wákàtí méjì kọjá kò tíì tó, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn á sì ti mú ojú rẹ̀ gbẹ, á ní èèpo bíi ti ẹ̀kọ tó tutù, èèpo yẹn kò ní jẹ́ kó gòkè. Kúlà ni mò ń lò báyìí nígbà ọyẹ́: máa gbé abọ́ omi gbígbóná kan sínú rẹ̀, máa gbé abọ́ fúláwà tì í, máa dé e pa, ó máa gbóná díẹ̀ nínú, á sì ní ọ̀rinrin. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ti wú tó ni pé máa fi ìka tí mo ti fi fúláwà pa tẹ̀ ẹ́. Tí ojú ibẹ̀ bá yára padà, kò tíì tó. Tó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, tí àmì rẹ̀ ṣì kù, ó ti yá. Tí kò bá padà rárá, ẹ ti pẹ́ jù.

Mo ń gé e sí mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí gíráàmù 60, máa fi àtẹ́lẹwọ́ tí mo ká bí igbá yí i lórí tábìlì títí òkè rẹ̀ á fi dán, máa tò ó mẹ́rin-mẹ́rin sínú pánù tí mo ti fi bọ́tà pa. Kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wú lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà tí wọ́n bá ti fara kanra ni mò ń gbé wọn wọ iná.

Ófùn kúkà gáàsì mi, 180°C, bí ìṣẹ́jú méjìlélógún. Tí gáàsì bá tán, ìkòkò ńlá ni: iyanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀ tó jìn tó ìka mẹ́ta, òkúta mẹ́ta lórí iyanrìn, máa gbé e ka èédú, máa dé e kó gbóná fún bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbé pánù wọlé, máa wá kó ẹ̀yinná sórí ìdérí kí òkè lè pọ́n. Kí iná ìsàlẹ̀ kéré ju ti òkè lọ. Mo jó ìdí pánù méjì kí n tó mọ èyí. Ká sòótọ́, ti inú ìkòkò máa ń rọ̀ ju ti ófùn lọ, torí ooru omi rẹ̀ ò ríbi jáde. Ẹ má jẹ́ kó pọ́n jù, ìṣẹ́jú márùn-ún àṣejù ti tó láti gbẹ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú láti àárọ̀. Bó bá ṣe jáde, ẹ fi bọ́tà pa á lórí nígbà tó ṣì gbóná, ẹ fi tówẹ̀lì mímọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ooru inú rẹ̀ á mú kí èèpo rọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé iyọ̀. Mo gbàgbé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wú yára bí nǹkan míì, ó sì tẹ́ lẹ́nu pátápátá. Iyọ̀ ló ń fa yíìsì sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ń mú kí òwú gluten yẹn le dáadáa.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n ṣe ọgọ́ta, mo ṣe é ní Sátidé, ó jáde dáadáa, mo wá kó o sí fíríìjì mọ́jú kó má bàa bàjẹ́. Lọ́jọ́ Sunday ó ti le. Kò kan, kò hu, ó kàn le, ó ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn àgbà ń jẹ ẹ́ wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ń rí i lójú wọn. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé kì í ṣe pé omi gbẹ kúrò nínú búrẹ́dì nìkan ló ń mú un le, sítáàṣì tó ti jinná tún ń padà tò jọ ní líle bó ṣe ń tutù, òtútù fíríìjì ló sì ń mú un yára jù. Ohun kan náà tó ń ṣe iyán àná ni. Ta ló máa gbé iyán sí fíríìjì kó retí pé á rọ̀ láàárọ̀? Àmọ́ bí iyán ṣe ń rọ̀ padà tẹ́ ẹ bá fi ewé tàbí ọ̀rá dì í tẹ́ ẹ sì gbé e sórí ooru omi tó ń hó, bẹ́ẹ̀ náà ni róòlù. Èyí tí a máa jẹ láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀rá ni mo ń dì í sí, mi ò ní gbé e sí òtútù. Èyí tó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, firísà gan-an ni, kó dì, torí tó bá ti dì pa sítáàṣì yẹn ò ráyè tò jọ mọ́. Mo ti kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe máa fi ooru omi mú un gbóná fún bàbá láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Láti bí oṣù méjì ni mo ti ń fi iṣu gbìyànjú. Mo máa ń se iṣu funfun, máa tẹ̀ ẹ́ kúnná nígbà tó ṣì gbóná, gíráàmù 100 lórí fúláwà 500, máa sì dín mílíìkì kù torí iṣu náà ní omi tirẹ̀. Tí mo bá ti lo iṣu, mi ò ní se ẹ̀kọ fúláwà yẹn mọ́. Ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mò ń pò ó, àmọ́ títí ọjọ́ kẹta ló fi ń rọ̀.

Sátidé tó kọjá mo gbé e lọ sí Ìyàrá. Bàbá ò tíì bu tíì, wọ́n ya ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láì rẹ ẹ́ sínú nǹkan kan, wọ́n tún ya èkejì. Àwọn adìyẹ wá dúró lẹ́sẹ̀ àga wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, èèpo kankan ò já bọ́. Wọ́n ní ó dára, àmọ́ ṣúgà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ Friday yìí, 40 ni màá lò.